Epo Pupa, Iyanrìn Tútù àti Wọ́dúróòbù Bàbá Mi

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí ètò ọ̀sẹ̀ yìí ni mo tún kọ sílẹ̀ síbí, nítorí àwọn tí dátà wọn ti tán, àti àwọn tó wà nínú dánfó tí ariwo kọ̀ńdọ́ kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nǹkan kan. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Ìtàn ẹrù wúwo ni, ìtàn ẹ̀yìn bàbá mi sì ni pẹ̀lú.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá mi. Ní Akówọnjọ níbí ló ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Wọ́dúróòbù kan wà tó fi igi ìrókò kàn fún màámi nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò yìí: ilẹ̀kùn mẹ́ta, dígí gbọọrọ lára èyí tó wà láàárín, dúrọ́ọ̀ méjì nísàlẹ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ gbá a, kò ní mì. Àlejò tó bá wọlé wa, òun ló máa kọ́kọ́ kí kó tó kí wa.

Wọ́dúróòbù yẹn náà ló ba ẹ̀yìn bàbá mi jẹ́. Ọmọ ọdún 11 ni mí, mo sì wà níbẹ̀. Òjò ń jò wọlé láti òrùlé, ó ń ṣàn gba ara ògiri, a sì fẹ́ sún wọ́dúróòbù náà síwájú díẹ̀. Màámi ní kí wọ́n lọ pe àwọn ará ilé. Bàbá mi ní kò tó nǹkan tí à ń pe èèyàn sí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ó gbé e. Mo gbọ́ nǹkan kan tó dún "kà". Mo rò pé igi ni. Igi kọ́.

Láti ọjọ́ náà, bàbá mi kò nàró tán mọ́.

Ní oṣù tó kọjá, onílé ta ilé, ó sì di dandan kí a kó lọ sí òpópónà kejì. Gbogbo ẹrù ti lọ tán, ó ku wọ́dúróòbù. Màámi ní kí a tú u. Bàbá mi ní ẹnu igi ló fi bọ ẹnu igi, pẹ̀lú àtè, pé bí a bá tú u, igi ìdáná ló dà. Àwọn géńdé mẹ́rin láti àdúgbò wá ràn wá lọ́wọ́. Wọ́n ti ká ọwọ́ ẹ̀wù wọn sókè, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbé e, igi lásán ni."

Bàbá mi jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ má gbé e. Èmi ti gbé e rí. Ẹ máa wọ́ ọ ni."

Ẹ wo ohun tó ní kí a ṣe. A rọra gbé ẹgbẹ́ kan wọ́dúróòbù náà sókè níwọ̀n ìka méjì, a sì ti àlòkù kápẹ́ẹ̀tì bọ abẹ́ rẹ̀. A ṣe ẹgbẹ́ kejì bákan náà. Ẹ̀yìn kápẹ́ẹ̀tì tó le ló kọjú sókè, ibi tó nírun ló dojú kọ ilẹ̀. Èèyàn méjì tì í láti ìsàlẹ̀, ẹnì kan fa kápẹ́ẹ̀tì níwájú, wọ́dúróòbù sì ń yọ̀ lọ nínú pálọ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni pé òun náà ti ń retí àtikó kúrò. Nígbà tí a dé àgbàlá, iyanrìn ló wà níbẹ̀. Bàbá ní kí a tẹ́ pátákó méjì sílẹ̀, kí a to páìpù onírin mẹ́ta sórí wọn ní ìdábùú, kí a wá ti wọ́dúróòbù gun orí páìpù. Bí páìpù kan bá ti yọ lẹ́yìn, ọmọ kékeré kan á sáré gbé e padà síwájú. Pátákó náà ńkọ́? Ó ní kí a kọ́kọ́ wọ́n omi sí iyanrìn náà kí a tó tẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ìdí ọmọlanke tó ń dúró dè wá níta.

Ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni kò dún "kà" lọ́jọ́ yẹn.

Mo bi bàbá mi pé ibo ló ti kọ́ ọ. Ó ní bàbá ọ̀gá òun fa gẹdú nínú igbó rí. Ìdáhùn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé kiri, ohun tí mo sì rí tóbi ju wọ́dúróòbù lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ọ̀tá tí à ń bá jà. Bí ẹ bá wọ́ nǹkan lórí ilẹ̀, ojú nǹkan méjèèjì tó kanra máa ń di ara wọn mú. Òun ni olùkọ́ fíṣíìsì ń pè ní fíríkíṣọ̀n. Ọmọ ilẹ̀ Ítálì nì, Leonardo da Vinci, ti ṣàkíyèsí òfin rẹ̀ sínú ìwé ara rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1493, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní 1699 ni ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Guillaume Amontons, tún un rí, tó sì gbé e síta. Òfin náà kò le: bí ẹrù bá ṣe wúwo sí ni ìdènà rẹ̀ ṣe máa pọ̀ sí, ṣùgbọ́n bí abẹ́ rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan. Ohun tó já mọ́ nǹkan jù ni irú ojú méjì tó kanra. Ó tún ní ẹ̀kọ́ kan tí gbogbo aláàárù mọ̀: ìbẹ̀rẹ̀ ló le jù. Bí ẹrù bá ti ń rìn, ẹ má jẹ́ kó dúró.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní wọ́dúróòbù kan wúwo tó kílò 120. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e, gbogbo kílò 120 náà lẹ máa gbé. Bí ẹ bá wọ́ ọ lórí ilẹ̀ tó há, ó lè gba agbára tó tó ti ẹni tó ń gbé kílò 60. Bí ẹ bá wá nǹkan tó dín ìdènà náà kù sí ìdajì, ó di 30. Pín in fún èèyàn mẹ́ta: kílò 10 kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn korobá omi kan. Bí ẹ bá wá gbé e sórí nǹkan tó ń yí, ó tún fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹrù kan náà ni o. Kò sí ohun tó yí padà ju ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ.

Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ mọ èyí dáadáa. Nínú ibojì ìjòyè kan tó ń jẹ́ Djehutihotep, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Deir el-Bersha, àwòrán kan wà lára ògiri tí ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní 3,800 ọdún. Ère ńlá kan ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n so mọ́ orí pátákó tí kò ní táyà. Ọkùnrin 172 ló tò sí ìlà mẹ́rin tí wọ́n ń fi okùn fà á. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹsẹ̀ ère náà: ọkùnrin kan dúró síwájú pátákó, ó ń da omi sílẹ̀ láti inú ìkòkò. Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn ọ̀mọ̀wé fi rò pé ètùtù ni ọkùnrin yẹn ń ṣe. Ní 2014, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Amsterdam dán an wò pẹ̀lú iyanrìn. Bí iyanrìn bá gbẹ, ó máa ń gbá jọ síwájú ẹrù, ó sì ń di òkìtì tí ẹrù kò lè gùn. Bí wọ́n bá fi omi tó mọ níwọ̀n sí i, iyanrìn náà á di ara rẹ̀ mú, á le, agbára tí wọ́n fi ń fa ẹrù á sì dín kù sí ìdajì. Bí omi bá wá pọ̀ jù, ó tún bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin tó ti lọ sí etí òkun, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Níbi tí iyanrìn ti gbẹ, ẹsẹ̀ yín á máa rì. Níbi tí omi ti kan iyanrìn, ẹ lè sáré. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó bá da omi síwájú, á tẹ ilẹ̀ tútù. Òwe ìwà rere la máa ń pè é. Ọkùnrin tó wà lẹ́sẹ̀ ère yẹn fi ṣe iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀.

Àwọn ará Ṣáínà náà da omi, ṣùgbọ́n òtútù ló bá wọn parí tiwọn. Ní 1557, nígbà tí wọ́n ń tún ààfin ọba wọn ṣe ní Beijing, wọ́n gbé òkúta kan tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 123 rìn nǹkan bíi kìlómítà 70 láàárín ọjọ́ 28. Ìgbà òtútù ni wọ́n dúró dè. Wọ́n gbẹ́ kànga lójú ọ̀nà, wọ́n ń da omi sílẹ̀ kó di yìnyín, òkúta sì ń yọ̀ lọ lórí rẹ̀.

Ó dára. Àwa ńkọ́?

Àwa náà ní tiwa. Kí tírákítọ̀ tó dé igbó Bìní àti Sápẹ́lẹ̀, ọwọ́ èèyàn ni wọ́n fi ń mú gẹdú dé odò. Wọ́n á la ọ̀nà, wọ́n á to igi róbótó sílẹ̀ ní ìdábùú, wọ́n á so okùn mọ́ gẹdú, ogunlọ́gọ̀ ọkùnrin á wá fi orin fà á kọjá lórí àwọn igi náà títí yóò fi dé omi. Orin yẹn kì í ṣe fún ìgbádùn nìkan. Òun ló ń jẹ́ kí gbogbo wọn fà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ ló le jù. Títí di òní, bí ẹ bá rìn ní etí òkun láti Gánà dé Tógò, ẹ ó rí àwọn apẹja tí ń ti ọkọ̀ wọn gun èbúté lórí igi róbótó. Igi tó bá yọ lẹ́yìn, ọmọdé á sáré gbé e síwájú. Iṣẹ́ tí àbúrò mi ṣe ní àgbàlá wa gan-an nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni epo pupa.

Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, àwọn oníṣòwò Liverpool tó ti ń fi ọkọ̀ kó èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó epo. Nígbà tí yóò fi di àárín àwọn ọdún 1850, epo pupa tó ń wọ Bìrìtìkó láti etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti lé ní 30,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Kí ni wọ́n ń fi epo ṣe? Wọn kò sè é lọ́bẹ̀ o. Wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ. Wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là. Wọ́n sì fi ń pa ẹ̀rọ lára kó lè máa yọ̀.

Ẹ gbọ́ èyí. Ní September 1830 ni wọ́n ṣí ọ̀nà rélùwéè tó so Liverpool pọ̀ mọ́ Manchester, ọ̀kan nínú àwọn rélùwéè tó kọ́kọ́ ń gbé èrò láti ìlú ńlá kan dé òmíràn. Akápò ilé iṣẹ́ náà, Henry Booth, rí i pé ibi tí irin àárín táyà ti ń yí máa ń gbóná, ó sì ń jẹ ara rẹ̀. Ní 1835, ó gba ìwé àṣẹ fún gíríìsì kan tó pò: epo pupa, ọ̀rá ẹran, sódà àti omi. Ẹ̀yin tó ti gbé nínú ọyẹ́ rí mọ̀ pé epo pupa máa ń dì nínú ìgò. Ohun tó jẹ́ kó wúlò gan-an nìyẹn. Nínú òtútù ìlú Òyìnbó, gíríìsì náà á dì jókòó sínú àpótí rẹ̀ lókè irin táyà. Bí ọkọ̀ bá ń sáré tí irin ń gbóná, á yọ́, á ṣàn sí ibi tí wọ́n ti nílò rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró, á tún dì. Kò sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, òun ló ń tọ́jú ara rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn bí rélùwéè ṣe yí ayé padà, tí wọ́n dárúkọ èédú, irin àti omi gbígbóná, ẹ rántí pé epo ẹ̀yìn àwọn obìnrin tó ń gún ẹyìn nínú odó àti àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ní ẹkù wà láàárín táyà yẹn.

Báwo ni epo náà ṣe wá dé etíkun? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí. Ní ilẹ̀ igbó wa, eṣinṣin kan wà tó ń pa ẹṣin àti màlúù, nítorí náà ẹran kò lè fa ẹrù. Kò sí kẹ̀kẹ́ ẹrù, kò sí ọ̀nà tó gbà á. Láti Abẹ́òkúta, ọkọ̀ ojú omi ń gbé epo lọ sí Èkó lórí odò Ògùn. Láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó ń gba ọjà Ẹ̀jìnrìn àti ọ̀sà. Ṣùgbọ́n kó tó dé odò, orí èèyàn ló wà. Òṣùká, agbè, ẹsẹ̀ lílé. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń rù ú, tí wọ́n sì ń ṣe é, ẹrú ni wọ́n, nítorí òwò ẹrú tó dópin lórí òkun kò tíì dópin nínú ilé. Ní Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, wọ́n máa ń da epo sínú àgbá ńlá, àwọn ọkùnrin á sì máa yí i lórí ilẹ̀ lọ sí etí òkun. Àgbá yẹn ni táyà tiwa.

Epo wa jẹ́ kí ẹrù ẹlòmíràn máa yọ̀ lórí irin. Àwa tí a ni epo ṣì ń fi ọrùn ru ẹrù.

Ní 1859, Edwin Drake gbẹ́ kànga epo rọ̀bì ní Titusville, Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà. Díẹ̀díẹ̀, epo inú ilẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ epo pupa nínú ẹ̀rọ. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní August 1861, Ọba Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Rélùwéè fúnra rẹ̀ kò dé Ìbàdàn láti Èkó títí di 1901, àádọ́rin ọdún àti ọdún kan lẹ́yìn ti Liverpool. Kódà lẹ́yìn ìyẹn, nígbà ogun Kamẹrúùnù láti 1914 sí 1916, ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláàárù láti Nàìjíríà ló fi orí ru ẹrù ogun Òyìnbó wọ inú igbó. Ní 1956, wọ́n wá rí epo rọ̀bì ní Ólóíbírí. Ẹ̀yin náà mọ ìyókù.

Mi ò sọ èyí kí inú yín lè bàjẹ́. Ohun tó ń pa mí lẹ́nu ni pé ìmọ̀ náà kò jìnnà sí wa rí. Àwọn tó fa gẹdú mọ̀ ọ́n. Àwọn apẹja mọ̀ ọ́n. Bàbá mi mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tó gbé wọ́dúróòbù yẹn. Mo bi í léèrè: "Bàbá, bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, kí ló dé tí ẹ fi gbé e?" Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ojú ẹ ni mo ń wò. Mo fẹ́ kó o rí i pé bàbá ẹ lágbára."

Mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri láti ọjọ́ náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kó ilé kiri láti Ẹgbẹ́dá dé Dòpèmú, tí ẹ fẹ́ sún fíríìsà, jẹnẹrétọ̀ tàbí bẹ́ẹ̀dì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba àwọn nǹkan díẹ̀ yìí lọ́wọ́ bàbá mi:

Lórí táìsì, ẹ lo bùláńkẹ́ẹ̀tì tó ti gbó tàbí páálí. Kò ní ha ilẹ̀, onílé kò sì ní bá yín jà.

Lórí sìmẹ́ńtì, kápẹ́ẹ̀tì tí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ ló dáa jù.

Dúrọ́ọ̀ tó ń há, ẹ fi àbẹ́là tàbí ọṣẹ gbígbẹ pa igi rẹ̀ níbi tó ti ń kanra.

Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le, páìpù mẹ́ta tó tóbi bákan náà tó. Ẹ má fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ sún páìpù tí ẹrù bá ṣì wà lórí rẹ̀.

Bí ilẹ̀ bá dagun, ẹ so okùn mọ́ ẹrù láti ẹ̀yìn, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tó ń yọ̀ fún yín lè yọ̀ lù yín.

Ẹ má da epo tàbí omi ọṣẹ sórí táìsì. Ẹrù á yọ̀ lóòótọ́, ẹ̀yin náà á sì yọ̀.

Ẹ tì í láti ìsàlẹ̀, kì í ṣe láti òkè, kó má bàa ṣubú. Bó bá sì ti ń rìn, ẹ má dúró.

Wọ́dúróòbù ti wà ní ilé tuntun báyìí. Dígí rẹ̀ kò fọ́. Bàbá mi ní kí a fi kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, pé ilé àyágbé ni, a ò mọ ìgbà tí a tún máa ṣí i nípò.

Bí ẹnì kan bá wà nílé yín tó fa gẹdú rí, tó ti ọkọ̀ gun èbúté rí, tàbí tó yí àgbá epo rí, ẹ gbé fóònù yín síwájú rẹ̀, kí ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kó tó pẹ́ jù. Kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi. Ó dìgbà kan ná.